Orí Kẹfà: Ṣé Dandan Ni Ká Lo Oògùn Apakòkòrò Tán?

Kò sí ẹni tó gba oògùn apakòkòrò nílé ìwòsàn rí tí wọn ò kìlọ̀ fún pé, “Ẹ rí i pé ẹ lò ó tán o. Kódà bí ara bá ti yá, ẹ má dá a dúró.” Nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́, apoògùn ń sọ ọ́, ìyá ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ìdí tí wọ́n ń fún wa ni pé bí a bá dá a dúró lágbede méjì, kòkòrò tó bá ṣẹ́ kù yóò di alágídí, oògùn ò sì ní ràn án mọ́.

Ní oṣù Keje ọdún 2017, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Martin Llewelyn ṣáájú wọn, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Wọ́n ní ìmọ̀ràn yìí kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn, wọ́n sì ní àkókò ti tó láti pa á tì, nítorí pé lílo oògùn kọjá bó ti yẹ gan-an ló ń mú kí aláìgbọràn pọ̀ láàárín kòkòrò. Ọ̀rọ̀ náà dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn dókítà, kò sì tíì tán nílẹ̀ títí di òní. Ta wá ni ká gbọ́ tirẹ̀? Ká tó lè dáhùn, a ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí oògùn yìí ń ṣe nínú ara, ká sì mọ bí kòkòrò ṣe ń kọ etí ikún sí i.

Bí oògùn ṣe ń pa kòkòrò

Oríṣiríṣi ni kòkòrò àrùn, àmọ́ bakitéríà ni oògùn apakòkòrò wà fún. Ohun ẹlẹ́mìí ni bakitéríà. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀, ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ògiri líle kan sì yí i ká. Gbogbo ìgbà ni omi ń fẹ́ ya wọ inú rẹ̀. Ògiri yìí ni kò jẹ́ kó bẹ́. Bó ṣe ń dàgbà ló ń tú apá kan ògiri náà, tó sì ń mọ tuntun dípò rẹ̀.

Ìdí iṣẹ́ ògiri mímọ yìí ni pẹnisílínì ti ń ká a mọ́. Oògùn náà á lọ lẹ̀ mọ́ ohun èlò tí bakitéríà fi ń so ògiri pọ̀, kò sì ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Títú á máa lọ, mímọ á dúró. Láìpẹ́, ògiri á lu, omi á ya wọlé, bakitéríà á bẹ́. Ọ̀nà kan náà ni ampicillin, amoxicillin àti cloxacillin ń gbà. Àwọn oògùn mìíràn ń gba ibòmíràn yọ: tetracycline ń dí ibi tí bakitéríà ti ń ṣe èròjà purotéènì, ciprofloxacin sì ń da iṣẹ́ rú fún un nígbà tó bá ń ṣe ẹ̀dà àwọn jíìnì rẹ̀ kó tó pín sí méjì.

Sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn kò ní ògiri bíi ti bakitéríà. Ìdí nìyẹn tí pẹnisílínì fi lè pa kòkòrò láìpa aláìsàn. Fáírọ́ọ̀sì, tó ń fa ọ̀fìnkìn àti èyí tó pọ̀ jù nínú ikọ́ tó ń wá tó sì ń lọ fúnra rẹ̀, kò ní ògiri náà rárá. Ẹni tó bá ń gbé Ampiclox mì nítorí ọ̀fìnkìn, ọ̀tá tí oògùn náà lè bá jà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn kì í torí pé kò rí ọ̀tá kó má ṣiṣẹ́. Yóò rí àwọn mìíràn pa, a ó sì rí i láìpẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí kòkòrò ṣe ń di aláìgbóògùn

Nínú ìwé yìí, àìgbóògùn ni a ó máa pe ipò tí bakitéríà wà nígbà tí oògùn tó yẹ kó pa á kò rí i pa mọ́. Ẹ kíyè sí i pé kòkòrò ni kò gbóògùn, kì í ṣe ara aláìsàn. Ẹni tí kò fi oògùn apakòkòrò kan ẹnu rí lè kó kòkòrò aláìgbóògùn lára ẹlòmíràn, nínú omi tàbí nílé ìwòsàn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù. Bakitéríà kan lè máa ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń gé oògùn sí wẹ́wẹ́ kó tó dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Òmíràn lè máa fa oògùn jáde ní kété tó bá ti wọlé. Òmíràn sì wà tí ojú ibi tí oògùn máa ń lẹ̀ mọ́ lára rẹ̀ ti yí padà, tí oògùn á dé ibẹ̀ tí kò ní rí nǹkan dì mú. Bí ó bá yá, bakitéríà kan ṣoṣo lè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Níbo ló ti ń rí ọgbọ́n yìí? Kì í ronú ọgbọ́n kankan. Bí àyè bá gba bakitéríà E. coli, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi ń pín sí méjì. Nígbàkúùgbà tó bá sì fẹ́ pín, ó ní láti ṣe ẹ̀dà gbogbo jíìnì rẹ̀. Nínú ẹ̀dà tí a ṣe ní ọ̀kẹ́ àìmọye ìgbà, àṣìṣe kò ní ṣàì wà. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe ni kò já mọ́ nǹkan, òmíràn ń pa bakitéríà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni àṣìṣe kan á ṣèèṣì sọ ọ́ di aláìgbóògùn. Ọ̀nà kejì yára ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ bakitéríà ní òrùka tíntìntín kan nínú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pílásímíìdì. Jíìnì ló wà lára òrùka náà, bakitéríà kan sì lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kó fi ta aládùúgbò rẹ̀ lọ́rẹ, kódà bí aládùúgbò náà kì í bá ṣe ẹ̀yà tirẹ̀. Lára òrùka kan ṣoṣo, jíìnì tó ń ṣẹ́gun oògùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè wà pa pọ̀.

Ní ọdún 1940, Edward Abraham àti Ernst Chain ní Yunifásítì Oxford kéde pé àwọn ti rí ẹ́ńsáìmù kan lára bakitéríà tó ń ba pẹnisílínì jẹ́. Nígbà yẹn, àwọn dókítà Oxford kò tíì fi pẹnisílínì wọn wo aláìsàn kankan. Èyí jẹ́ ká mọ̀ pé oògùn kọ́ ló ń dá àìgbóògùn sílẹ̀. Ó ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe ni pé ó ń pa àwọn tó ń gbọ́, ó ń fi oúnjẹ àti àyè sílẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù á sì bí sí i. Ìṣàkù ni a ó máa pe iṣẹ́ yìí, nítorí pé oògùn ló ń ṣa ẹni tó máa ṣẹ́ kù. Ìbéèrè tó wà láàárín àwọn onímọ̀ kò ju èyí lọ: ibo nínú ara ni ìṣàkù ti ń ṣẹlẹ̀, ìgbà wo ló sì ń pọ̀ sí i?

Ibi tí ìmọ̀ràn àtijọ́ ti wá

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi pẹnisílínì Oxford tọ́jú ni ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Albert Alexander. Ní oṣù Kejì ọdún 1941, bakitéríà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú tó ń tú ọyún, wọ́n sì ti yọ ẹyinjú rẹ̀ kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn, ibà lọ sílẹ̀, ó sì ń jẹun. Ṣùgbọ́n pẹnisílínì tó wà nílẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n tilẹ̀ ń sẹ́ ìtọ̀ rẹ̀ láti yọ oògùn tó bá a jáde, kí wọ́n lè tún fún un. Nígbà tó yá, ó tán pátápátá. Àìsàn padà dé, ó sì kú ní oṣù Kẹta. Ẹ̀kọ́ tí àwọn dókítà rí kọ́ níbẹ̀ mú wọn dání: kí oògùn tán kí àìsàn má tíì tán, ikú ni.

Ní ọdún 1945, nígbà tí Alexander Fleming gba ẹ̀bùn Nobel, ó kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń ra pẹnisílínì fúnra rẹ̀ tí kò sì lò ó tó lè kọ́ kòkòrò ní agídí, kó sì fi kó bá aya rẹ̀. Àpẹẹrẹ tó fi ṣe é ni ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Ó yẹ ká mọ̀ pé bakitéríà tó ń fa ọ̀fun dídùn yẹn ṣì ń gbọ́ pẹnisílínì dáadáa títí di òní.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló wá fi èdìdì di ìmọ̀ràn náà. Ní ọdún 1948, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé èsì ìwádìí wọn lórí oògùn streptomycin jáde. Nínú àwọn 55 tó gba oògùn náà, mẹ́rin ló kú láàárín oṣù mẹ́fà. Nínú àwọn 52 tí kò gbà á, tí wọ́n kàn ń sinmi lórí bẹ́ẹ̀dì, mẹ́rìnlá ló kú. Ìdùnnú náà kò pẹ́. Kòkòrò inú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba oògùn di aláìgbóògùn, àìsàn sì padà sára wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́, ó dájú pé aláìgbóògùn kan á ti wà láàárín wọn. Ìtọ́jú tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni pé kí a pa oògùn mélòó kan pọ̀, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan á bọ́ sọ́wọ́ èkejì. Lónìí, oògùn mẹ́rin ni aláìsàn fi ń bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ sì fi ń lò ó. Kòkòrò yìí lọ́ra, àwọn kan nínú wọn á sì sùn sílẹ̀ bí ẹni tó ti kú. Ara á yá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí.

Lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò sí àríyànjiyàn kankan: ẹ lò ó tán, títí dé orí hóró ìkẹyìn. Ohun kan náà ni fún oògùn ibà àti ìtọ́jú jẹ̀funjẹ̀fun. Inú àrùn tí a ń tọ́jú gan-an ni ìṣàkù ti ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn wọ̀nyí.

Kòkòrò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀

Ọ̀tọ̀ ni ti èyí tó pọ̀ jù nínú bakitéríà aláìgbóògùn tó ń dààmú ilé ìwòsàn lónìí. Ẹ jẹ́ ká wo àgbẹ̀ kan tí ẹ̀kan hù ní igun kan oko rẹ̀. Oògùn apakoríko tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣeé fọ́n sí igun kan ṣoṣo. Gbogbo oko ló ní láti fọ́n ọn sí. Ẹ̀kan kú. Ṣùgbọ́n ní òdìkejì oko, koríko kan wà tí oògùn náà kò ràn, tí kò sì rí àyè tàn nítorí pé àwọn koríko mìíràn fún un mọ́lẹ̀. Oògùn ti pa àwọn yẹn. Bí àgbẹ̀ náà bá tún ń fọ́n oògùn lọ lẹ́yìn tí ẹ̀kan ti kú, kí ló ń ṣe? Ó ń gbálẹ̀ de koríko tí kò gbóògùn ni.

Oko yẹn ni ara wa. Oògùn tí a bá gbé mì nítorí òtútù àyà kò ní dúró sínú àyà nìkan. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e kiri, á dé inú ìfun, á dé ara àwọ̀, á dé ihò imú. Bakitéríà tó ń gbé inú ìfun wa kò lóǹkà. Púpọ̀ nínú wọn ń bá wa da oúnjẹ, wọ́n sì ń dí àyè mọ́ àwọn aṣenilọ́ṣẹ́. Àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ wọ̀nyí ni oògùn ń pa láìnídìí, aláìgbóògùn àárín wọn á sì gba ilé. Wọn kì í fa àìsàn lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí E. coli inú ìfun náà bá wá yà sí ọ̀nà ìtọ̀, tàbí tó wọnú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ni dókítà á tó rí i pé oògùn tí òun gbójú lé kò ṣe nǹkan kan.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní ọdún 2022 ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn ni bakitéríà aláìgbóògùn pa ní tààràtà káàkiri ayé. Apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló burú jù: ènìyàn 27.3 nínú gbogbo 100,000. E. coli, Klebsiella àti Staphylococcus aureus wà lára àwọn tó ń pani jù, inú ara tàbí orí awọ ara àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá ni wọ́n sì ń gbé.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń jà lé lórí

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ Llewelyn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá jẹ́ pé inú ìfun ni ìṣàkù ti pọ̀ jù, a jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ tí a bá fi kún lílo oògùn lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, aláìgbóògùn là ń bá ṣiṣẹ́. Brad Spellberg, dókítà kan ní Los Angeles, ti ń sọ ṣáájú wọn pé kíkúrú ló dára jù. Ó ní ọjọ́ méje àti ọjọ́ mẹ́rìnlá tí dókítà ń kọ, kì í ṣe inú ìwádìí ni wọ́n ti mú púpọ̀ nínú rẹ̀. Iye ọjọ́ tó wà nínú ọ̀sẹ̀ ni, èyí tí Ọba Constantine fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Róòmù ní ọdún 321.

Ẹ̀rí wà fún wọn. Fún obìnrin tí kòkòrò wọ àpò ìtọ̀ rẹ̀, tí kò lóyún, tí kò sì ní àìsàn mìíràn, ọjọ́ mẹ́ta péré ni ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wí. Fún òtútù àyà tí kò le, ọjọ́ márùn-ún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn. Ní ọdún 2024, ìwádìí BALANCE gbé èsì tirẹ̀ jáde: ènìyàn 3,608 tí bakitéríà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ní ilé ìwòsàn 74 ní orílẹ̀-èdè méje. Wọ́n fún ìdajì ní oògùn ọjọ́ méje, wọ́n fún ìdajì ní ti ọjọ́ mẹ́rìnlá. Nígbà tó fi máa di àádọ́rùn-ún ọjọ́, 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú lára àwọn ọlọ́jọ́ méje, 16.1 sì ni lára àwọn ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀sẹ̀ kejì kò fi nǹkan kan kún un.

Ẹ̀rí wà fún àwọn tó ń ṣe kìlọ̀kìlọ̀ náà. Ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì tí etí ń dùn. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016. Ìtọ́jú kùnà lára 34 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó lo oògùn ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n 16 péré ló kùnà lára àwọn ọlọ́jọ́ mẹ́wàá. Bakitéríà aláìgbóògùn ihò imú àwọn ọlọ́jọ́ márùn-ún kò sì dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n ń fún ọmọ tí ọ̀fun ń dùn ní ìdí pàtàkì kan: kí ibà tó ń ba ẹnu ilẹ̀kùn ọkàn jẹ́ má bàa tẹ̀ lé e. Nígbà tí àpilẹ̀kọ ọdún 2017 jáde, Helen Stokes-Lampard, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ara tó yá kò túmọ̀ sí pé kòkòrò ti tán, ẹ̀rù sì ń ba òun fún aláìsàn tó bá ń dá oògùn dúró bó ṣe wù ú.

Ẹ ó rí i pé ìhà méjèèjì kò jìnnà síra tó bí a ṣe rò. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé iye ọjọ́ gbọ́dọ̀ bá kòkòrò àti ibi tó wà mu, kó sì ti inú ìwádìí wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti yí ìpolongo wọn padà. Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a lò ó tán nígbà gbogbo. Báyìí, wọ́n ní kí a tẹ̀ lé ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera bá sọ fún wa.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́?

Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ibi tí ènìyàn ti ń rí dókítà. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, kẹ́míìsì ni ilé ìwòsàn. Wọn kò ní béèrè ìwé dókítà. Káàdì kan tàbí kápúsù méjì ni owó ọwọ́ lè rà. Tetracycline ni fún inú tó ń yọni lẹ́nu, Ampiclox ni fún ikọ́, àjẹkù tó bá sì ṣẹ́ kù á dúró sínú dúrọ́ọ̀ de ẹni tó máa ṣàìsàn lọ́la. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ọjọ́ márùn-ún àti ọjọ́ méje, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé oògùn apakòkòrò tó ń ṣe wá ní ibi jù ni èyí tí kò yẹ ká bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ohun kejì ni àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá gba ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò á fi díẹ̀ pa orí abọ́ pẹlẹbẹ tí oúnjẹ bakitéríà ti dì sínú rẹ̀, á sì gbé e sí ibi tó móoru. Lọ́jọ́ kejì, bakitéríà ti hù. Á mú díẹ̀ nínú rẹ̀, á fi kun abọ́ mìíràn, á wá to bébà róbótó kéékèèké lé e lórí, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ bá tún mọ́, ibi tí oògùn bá ti ṣiṣẹ́, àyíká bébà náà á mọ́ gaara. Ibi tí kò bá ti ṣiṣẹ́, bakitéríà á hù dé etí bébà. A ó fi rúlà wọn ìbú ibi tó mọ́, dókítà á sì mọ oògùn tí yóò kọ. Kò gba ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bakitéríà aláìgbóògùn, kọ ìwé Divining Without Seeds ní ọdún 2011 láti fi hàn pé àìsí yàrá àyẹ̀wò tó dúró ṣinṣin ni kò jẹ́ kí dókítà Áfíríkà mọ ohun tó ń pa aláìsàn rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ oògùn apakòkòrò fún yín, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: kí ni kòkòrò náà, ọjọ́ mélòó ni mo gbọ́dọ̀ lò ó, kí sì ni ìdí tó fi jẹ́ iye ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ lò ó fún iye ọjọ́ tí wọ́n bá sọ, ẹ má dín in, ẹ má sì fi kún un. Bí ara bá yá kíákíá, ẹ padà lọ bá ẹni tó kọ ọ́, ẹ bi í bóyá ó ti tó. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì tọ́jú àjẹkù. Ṣùgbọ́n ìwà rere aláìsàn nìkan kò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà tí kò ní yàrá àyẹ̀wò, àbá ló ń dá, ẹni tó bá sì ń dá àbá yóò máa kọ oògùn tó pọ̀ jù fún ọjọ́ tó gùn jù, kí aláìsàn má bàa kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ wa ni láti béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ pé kí ilé ìwòsàn ìjọba kọ̀ọ̀kan ní yàrá àyẹ̀wò tó ń ṣiṣẹ́, ní owó tí mẹ̀kúnnù lè san. Ibẹ̀ ni iye ọjọ́ tó tọ́ yóò ti wá.